Àga Tí Mo Kàn fún Dígí

Dígí kì í dùbúlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nídìí iṣẹ́ nìyẹn, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé e, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òkúta pa etí rẹ̀ kó má bàa ya oníbàárà lọ́wọ́. Bí dígí bá ti ń ti inú ọkọ̀ bọ̀, ìnàró la ó gbé e, ìnàró náà la ó sì gbé e ti ògiri, lórí igi méjì tí a ti tò sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní, bàbá mi á bi í bóyá ó fẹ́ sùn lé e ni. Bí dígí bá dùbúlẹ̀, ara òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wúwo lé e, á tẹ̀ láàárín, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án nígbà náà, ó ti là mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Kí wọ́n tó bí mi ló ti ń ta dígí ní ọjà Bridge Head ní Onitsha, dígí wíńdò, dígí ìwojú, dígí orí tábìlì, láàárín àwọn olóògùn òyìnbó àti àwọn tó ń ta mílíìkì alágolo. Onitsha náà ni wọ́n bí mi sí. Ìgbò yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ títí mo fi di géńdé, ṣùgbọ́n bí o bá ti wọ yàrá wa ní àdúgbò Woliwo, bàbá mi ò ní dá ọ lóhùn bí o kò bá sọ Yorùbá, ì báà jẹ́ pé iná ń jó ilé. Èmi náà gba iṣẹ́ dígí, mo fi wíńdò alumíníọ̀mù kún un, mo sì ń ṣe é títí di òní.

Ohun kan wà tí àwọn ará wa mọ bàbá mi mọ́ ju dígí lọ, ojú rẹ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oṣù bá lè lé, àwọn àgbà mùsùlùmí láàárín àwa Yorùbá máa ń gun déékì tó wà lórí ilé alájà kan ní Bridge Head, níbi tí ènìyàn ti lè wo òkè odò Ọya kọjá sí Asaba láìsí ilé kankan tó dí i. Oòrùn á wọ̀ sẹ́yìn Asaba, wọn á sì máa wá oṣù tuntun. Lóde òní, fóònù ti máa ń mú ìròyìn wá láti òkè Ọya kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń dúró dè wọ́n kó tó gbààwẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń lọ. Bàbá mi ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Ohun tí wọ́n sì ń torí ẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un ni pé bí kò bá rí i, kò rí i nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní òun rí i nítorí pé ẹni ẹ̀gbẹ́ òun ti pariwo. Bàbá mi ò jẹ́ fi ẹnu ẹlòmíràn rí oṣù.

Nígbà tí ojú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kú, a ò tètè mọ̀. Àìsàn tó mú un kì í dunni, kì í jẹ́ kí ojú pọ́n, kì í mú ipin wá. Láti eteetí ló ti ń jẹ ìríran bọ̀ wá sí àárín. Bàbá mi á máa kọlu ènìyàn lójú ọ̀nà, a sì rò pé ìrìn àgbà ni. Ìgbà tí etí dígí tó fúnra rẹ̀ gbé ti ògiri gé e lápá ni mo tó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà náà ní tòsì ti lọ. Ó ní ọ̀tún ṣẹ́ kù díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń yọjú nínú páìpù. Ó ní oògùn tí a ó máa kán sí i lè fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lè dá èyí tó ti lọ padà, òun ò sì lè sọ ìgbà tí páìpù yẹn yóò dí.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé wa padà sí Woliwo. Bàbá mi bi mí bóyá òun yóò rí oṣù ààwẹ̀. Kò bèèrè bóyá òun yóò rí ojú àwọn ọmọ mi, kò bèèrè ti ṣọ́ọ̀bù. Oṣù ló bèèrè. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé inú bí mi, nítorí bí mo ṣe rí nìyẹn, bí ọkàn mi bá bàjẹ́, ìbínú ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Mo ní kí ó má bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní bí oṣù bá jìnnà jù fún un, mà á fà á sún mọ́ ọn.

Mi ò déédéé sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń fọwọ́ lọ dígí kan bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ti wo àwọn kan lórí fóònù, àwọn tó ń fọwọ́ ṣe awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, mo sì sọ pé èmi tí mo jẹ́ ọmọ onídígí, kí ni wọ́n fi jù mí lọ? Wọ́n wó ilé epo kan ní Umunya, mo rí dígí tó nípọn gan-an níbẹ̀, mo gé e róbótó, ó tó àwo oúnjẹ tí ó tóbi. Ìyẹ̀fun tí àwọn mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù ni mo fi lọ̀ ọ́, dígí lórí dígí, lọ síwá lọ sẹ́yìn, títí àárín rẹ̀ fi kó wọnú díẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo àdúgbò ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó mi ní ṣe ni mò ń lọ ata tí kò ní kúnná. Mo pa á títí ó fi dán, mo da omi fàdákà sí i lójú, ó sì ń tàn. Nígbà tí dókítà sọ ohun tó sọ, dígí ti parí. Ohun tó kù ni ibi tí yóò jókòó sí.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà, ẹni tí kò bá ṣe é rí ò ní mọ̀. Kíkó tí dígí náà kó wọnú gbọ́dọ̀ péye ju ohun tí ojú lè rí lọ. Tí ó bá tẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìnípọn irun orí, ìràwọ̀ tí ó yẹ kó dà bí ojú abẹ́rẹ́ á di ohun wúruwùru. Bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ nìkan tó láti tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ohun tí a bá gbé e lé láti ẹ̀yìn ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ tí a ṣe sí i lójú já mọ́ nǹkan. Àwọn òyìnbó ń pè é ní sẹ́ẹ̀lì. Mi ò fẹ́ràn orúkọ yẹn, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni ti àgọ́ ọlọ́pàá. Àga ni mo pè é, àga dígí, bàbá mi náà sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Orí ibi mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ gbé e lé. Ìràwọ̀ di onígun mẹ́ta. Mo tú u. Mo wá kà pé dígí tó bá fẹ̀ tí ìnípọn rẹ̀ kò sì bá fífẹ̀ rẹ̀ mu gbọ́dọ̀ jókòó lórí ibi mẹ́sàn-án, kí gbogbo wọn sì pín ẹrù náà dọ́gba. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó gé pákó onígun mẹ́ta, mẹ́ta irú rẹ̀, a ó lẹ awọ bàtà kékeré mọ́ igun kọ̀ọ̀kan, pákó kọ̀ọ̀kan á wá dúró lórí bóòtù onírin kan, irú èyí tí a ń fi sípánà dè, láti ìsàlẹ̀, kó lè máa yí síwá sẹ́yìn bó ṣe wù ú. Bí ibì kan bá ga jù, pákó náà á tẹ̀ síbẹ̀, ibòmíràn á sì gba díẹ̀ lára ẹrù. Kò sí ẹni tí yóò rù ju ẹnìkejì lọ. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni láti mọ ojú ibi tí bóòtù yóò ti gún pákó. Mo fi páálí ṣe é, mo ba a jẹ́, mo tún un ṣe. Aládùúgbò wa kan, káfíńtà ọmọ Ìgbò, tó máa ń yá mi ní ẹ̀rọ tó fi ń lu ihò, dúró wo àwọn pákó náà lọ́jọ́ kan. Ó fi èdè wọn pè mí ní ọmọ ìyá, ó ní, "Nwanne, this one na chair abi na trap?" Mo dá a lóhùn pé èmi gan-an ò tíì mọ̀.

Nígbà tí mo gbé dígí lé àga yẹn, tí mo tì í sínú àpótí gígùn tí mo fi pílàíwúdù kàn, tí mo sì dá ihò tí a ó máa yọjú sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé e sí ojúde ilé wa lẹ́yìn ìrun alẹ́. Ilé alájà mẹ́ta, alájà mẹ́rin ló yí wa ká ní Woliwo. Ojú ọ̀run tí wọ́n ṣẹ́ kù fún wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju aṣọ ìnura lọ, ó sì wà tààrà lókè orí. Mo dojú àpótí kọ ibẹ̀. Ìràwọ̀ tó bọ́ sí i láàárín kéré, ó yípo, ó mọ́ kedere. Inú mi dùn débi pé mo pa igbe, ìyàwó mi sáré jáde, ó rò pé nǹkan ló ta mí. Mo lọ mú bàbá mi lọ́wọ́ wá. Ó tẹ̀ ba, ó yọjú ọ̀tún sí ihò, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun rí i. Ó ní òun ò rí ìràwọ̀ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo sùn bí ọba lálẹ́ ọjọ́ náà.

Gbogbo ìgbà tí mo tún dán an wò lẹ́yìn ìyẹn, òkè orí náà ni, nítorí pé kò sí ojú ọ̀run mìíràn fún wa ní Woliwo.

Ìrọ̀lẹ́ oṣù ààwẹ̀ dé. Ọyẹ́ ṣì ń jà díẹ̀, Asaba rí bíi pé èéfín bò ó. A fi kẹ̀kẹ́ gbé àpótí dé Bridge Head, mo gbé e gun àtẹ̀gùn, bàbá mi di ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mú. Àwọn àgbà ti wà lórí déékì. Ara wọn yá, wọ́n ń ṣàwàdà, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ yọjú sí àpótí yẹn, ẹ̀gbẹ́ ló máa kọ sí oṣù, wọ́n ní àwọn ò rí ẹni tó ń wá oṣù lọ́nà bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí oòrùn ti wọ̀ tán pátápátá, tí kò sí ewu fún ojú mọ́, mo fa orí àpótí wálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbalaja, mo sì ń wá oṣù lókè àwọn ilé Asaba. Mo rí i. Ṣùgbọ́n kò rí bí mo ṣe retí. Ó ní òjìji, ó nà ní ọ̀nà méjì, ó ń fà bí àkàmù tó dànù. Mo yí ibi tí a fi ń mú un mọ́ sí ọ̀tún, mo yí i sí òsì. Mo bú ọyẹ́. Àkókò ń lọ, nítorí oṣù tuntun kì í pẹ́ kó tó wọ̀, mo wá kúrò nídìí ihò kí bàbá mi lè wò ó.

Ó yọjú sí i fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo wọn ń dúró de ẹnu rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń dúró. Ó ní, "Mo rí ìmọ́lẹ̀. Mi ò rí oṣù."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà sún mọ́ ọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, tó ń ta aṣọ. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Alhaji, ìmọ́lẹ̀ tí ẹ rí yẹn náà ni. Ẹ sọ pé ẹ rí i." Mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe é. Gbogbo wa ló fẹ́ kí ó sọ ọ́.

Bàbá mi ní, "Oṣù tuntun ní ìwo méjì. Ohun tí mo rí ò ní ìwo."

Oṣù wọ̀ mọ́ wa lójú. Fóònù ẹnìkan dún, wọ́n ti kéde láti òkè Ọya pé ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, àwọn àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn sọ̀rọ̀ nípa sààrì. Bàbá mi ò bá wọn dá sí i. Ní ìdajì àtẹ̀gùn, ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó bi mí pé ṣé ojú òun ni àbí nǹkan mi yìí. Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní, "Nǹkan mi ni, Bàbá. Bó ṣe rí lójú yín náà ló rí lójú mi." Mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi pé kò fẹ́ kí n gbọ́, ó wá ní kí n lọ tún un ṣe, oṣù ọdún ìtúnu ṣì ń bọ̀.

Bí mo ṣe fi odindi ààwẹ̀ kan tún àga kàn nìyẹn. Ní ọ̀sán, mo wà lórí iṣẹ́ wíńdò, ẹnu mi gbẹ, orí ń fọ́ mi. Lẹ́yìn ìṣínu, mo wà nídìí àpótí. Ìyàwó mi ní kí ló dé tí n kò kúkú ra èyí tí wọ́n ṣe ní iléeṣẹ́. Mo jágbe mọ́ ọn, mo sì padà lọ bẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé mi ò lè wá a rà. Mo ti sọ fún bàbá mi pé èmi ni mà á fa oṣù sún mọ́ ọn, mi ò sì lè kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ó pẹ́ kí n tó rí ibi tí àìsàn dígí náà wà. Mo tẹ́ àpótí sílẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, mo fi páálí bo tọ́ọ̀ṣì kan lójú, mo fi abẹ́rẹ́ dá ihò kékeré sí páálí náà, mo sì gbé e sí ìparí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, kó lè ṣe ìràwọ̀ fún mi. Ó nà, ó ṣe wúruwùru, gẹ́gẹ́ bí oṣù ti ṣe lókè odò. Mo dìde, mo lọ wo inú àpótí, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ mi.

Ìwà ọmọ onídígí ni mo ti hù. Gbogbo làákàyè mi ni mo kó sí ẹ̀yìn dígí, sí ibi tó ń dùbúlẹ̀ lé, nítorí ohun tí wọ́n fi bẹ̀rù kọ́ mi ni pé ìdùbúlẹ̀ ló ń ba dígí jẹ́. Ìnàró? Ta ló ń bẹ̀rù ìnàró? Mo ti fi bóòtù méjì síbẹ̀ lábẹ́ etí rẹ̀, bíi igi méjì tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo sì ti gbàgbé wọn. Nígbà tí àpótí kọjú sókè, ẹ̀yìn ló ru dígí, bóòtù méjèèjì ò níṣẹ́ kankan. Nígbà tí mo fa orí rẹ̀ wálẹ̀ kọ ibi tí oṣù wà, dígí kúrò lórí ẹ̀yìn, ó gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ibi méjì péré. Bóòtù náà ò tilẹ̀ ṣe déédéé àárín ìnípọn rẹ̀, wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, dígí wá ṣubú síwájú lé àwọn ìkọ́ tí mo fi dì í mú, wọ́n sì fún un pọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, a ò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ dígí tó wà ní ìnàró ju kó má fọ́ lọ. Èyí ò gbọdọ̀ fọ́, kò sì gbọdọ̀ yí padà rárá. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín gan-an, ó ní òun ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, kí n má bínú.

Ó yẹ kí dígí náà sinmi lé nǹkan tó rọ̀ tó sì gba ìdajì etí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí ọ̀já ṣe ń gba ìdí ọmọ. Awọ ni mo kọ́kọ́ lò, ó fà gùn. Mo lo rọ́bà táyà, ó ń fa dígí sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Káfíńtà aládùúgbò wa ló mú ọgbọ́n wá pé kí n lọ wá bẹ́líìtì tí wọ́n ń dè mọ́ àyà nínú mọ́tò, nítorí pé kì í fà. Mo rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ àlòkù. Mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́, mo so ó kọ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo mú un ṣe déédéé àárín ìnípọn dígí, mo sì sún àwọn ìkọ́ iwájú sẹ́yìn títí bébà fi lè gba àárín wọn kọjá. Kò sí ohun tó fún un mọ́. Kò sí ohun tó di í mú ju bó ṣe yẹ lọ.

Láàárín gbogbo èyí, bàbá mi ń bi mí lójoojúmọ́ pé àga ńkọ́. Mà á sọ ibi tí mo dé fún un. Ṣùgbọ́n ojú mi náà ń rí bí tirẹ̀ ṣe ń kú lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń kan ògiri kó tó yà sí yàrá. Ní ìṣínu ọjọ́ kan, ó bu ògì, ó sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ ife, sórí ẹní, gbogbo rẹ̀. Ó ní iná ìjọba ló rẹ̀yìn. Iná ò rẹ̀yìn. Mo nu ẹní, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, iná ò dára rárá lónìí, ìyàwó mi sì wò mí, ó bu ògì mìíràn fún un. Mò ń sọ fún ara mi pé páìpù tí dókítà sọ, ihò rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n dígí mi yóò fi ìmọ́lẹ̀ kún inú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mò ń yára, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn kì í gba ìyára.

Ní ìparí ààwẹ̀, ìràwọ̀ abẹ́rẹ́ tó wà ní ẹ̀yìn ilé wa yípo, ó kéré, ó mọ́, bí àpótí tilẹ̀ nà gbalaja. Mo yí àpótí sí ìhà kejì, ó ṣì mọ́. Kò sí ẹni tí mo pè wá wò ó. Mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí oṣù ọdún ìtúnu tó yẹ kó lé, ó fọ ọyẹ́ kúrò lójú ọ̀run. Asaba hàn gbangba, ènìyàn lè rí ọkọ̀ tó ń kọjá lórí bíríjì. Àwọn àgbà pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, nítorí kò sí ẹni tí kò fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀la ni ọdún. Bàbá mi wọ agbádá funfun. Nígbà tí oòrùn wọ̀ tán, mo fa orí àpótí wálẹ̀, mo wá oṣù, kò sì pẹ́ tí mo fi rí i.

N kò rí oṣù bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná ọmọ tuntun, ó mọ́, kò ní òjìji, kò fà. Ìwo méjèèjì mú ṣóńṣó. Létí rẹ̀ níhà inú, mo rí ibi tí kò dán, òkè àti kòtò kéékèèké, bí etí dígí tí a ò tíì fi òkúta pa. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kàn ti dára. Inú mi dùn, mi ò lè purọ́. Mo fà sẹ́yìn, mo mú orí bàbá mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo gbé ojú ọ̀tún rẹ̀ sí ihò.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó yí orí díẹ̀. Ó ní, "Ṣé o ti gbé e sí i?"

Mo ní mo ti gbé e sí i. Ó tún wò. Ó ní kí n wò ó fún òun, bóyá ó ti kúrò níbẹ̀. Mo wò ó. Ó wà láàárín gan-an. Mo bi í bóyá ojú ọ̀tún ló fi ń wò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé ìmọ́lẹ̀ tó rí níjọ́sí ńkọ́. Ó ní òun ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Lẹ́yìn wa, ẹnìkan pariwo pé ó ti lé, òun rí i, òmíràn náà ní òun rí i, wọ́n ń fi ìka han ara wọn, wọ́n ń kí ara wọn kú ọdún.

Mo fa sípánà yọ nínú àpò mi. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo lọ sí ìdí àpótí, mo fi í mú bóòtù kan, bóyá mo fẹ́ tú u ni, bóyá mo fẹ́ dè é. Bàbá mi gbọ́ ìró irin. Ó fi ọwọ́ tọ ara àpótí wá títí ó fi kan ọwọ́ mi, ó sì di í mú.

Ó ní, "Má tún un ṣe mọ́. Ìwọ rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Ó ní ìwo?"

"Méjèèjì, Bàbá. Ó mọ́ kedere."

"Kò sí nǹkan tó ṣe àga rẹ nígbà náà," ni ó wí. "Ojú mi ni."

Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Mo yí sí òdìkejì àpótí láti sunkún níbi tí àwọn àgbà ò ti ní rí mi. Bàbá mi kọjú sí wọn, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó sì fi ohùn tó máa ń lò lórí déékì yẹn sọ fún wọn pé òun ò rí oṣù, kí wọ́n gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ọmọ òun, nítorí pé ọmọ náà ló rí i. Ó na ọwọ́, ó tọ́ka sí mi fún wọn. Ibi tó tọ́ka sí, níbi tó ti di ọwọ́ mi mú, n kò sí níbẹ̀ mọ́.